Ṣé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kun àwòrán ojú ọ̀run ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Mo ra tẹlisíkóòpù kékeré kan fún ọmọ mi, a gbé e síta lálẹ́, òṣùpá nìkan la rí dáadáa, gbogbo ìyókù kàn dà bí èéfín funfun. Ọmọ ní èyí tóun ń rí lórí fóònù pupa ni, búlúù ni, oríṣiríṣi. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni, àbí kọ̀ǹpútà làwọn NASA fi ń kun tiwọn? Ṣé kí n wá owó kún un ra ńlá?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lọ bá ẹni tó tà á jà o mà, tẹlisíkóòpù yẹn ò ṣe nǹkan kan, ojú wa gan-an ló níṣòro. Ojú èèyàn ò lè tọ́jú ìmọ́lẹ̀ pa mọ́, èyí tó bá wọlé báyìí ló máa lò báyìí, ó parí. Kámẹ́rà ní tiẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn gbé abọ́ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò tójò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ló ń kún. Lọ́dún 1995 wọ́n kọjú Hubble, ìyẹn tẹlisíkóòpù kan tó ń yí ayé po lókè, síbì kan lójú ọ̀run tó dà bíi pé òfìfo ni, wọ́n fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó ya fọ́tò 342, ìgbà tí wọ́n to gbogbo ẹ̀ léra, nǹkan bí 3,000 gálásì, ìyẹn agbo ìràwọ̀ ńláńlá, ló yọjú níbẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, tílẹ̀ bá ti ṣú ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ dá àwọ̀ mọ̀ mọ́, ẹ ṣáà mọ bí aṣọ pupa ṣe máa ń rí tí NEPA bá múná lọ.

Ó wá ku ti kíkùn tẹ́ ẹ sọ. Ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ ṣí kámẹ́rà tẹ́ ẹ fi ń ya sẹ́lífì, ẹ kọ orí rìmóòtù sí i kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì. Ẹ lè rí iná kékeré kan tó ń ṣẹ́jú nínú fóònù, tẹ́ ẹ bá sì fojú lásán wò ó kò sí nǹkan kan. Infrared nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ni, ojú wa ni ò gbà á. Lọ́dún 1800 onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ William Herschel ya ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè, ó gbé tẹmómítà sẹ́yìn pupa níbi tójú ò ti rí nǹkan kan, ló bá rí i pé ibẹ̀ gan-an ló gbóná jù.

Irú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni James Webb, tẹlisíkóòpù tí wọ́n rán lọ sójú ọ̀run lọ́jọ́ Kérésì 2021 ń kó. Ó máa ń gba inú eruku tó bo ibi tí ìràwọ̀ tuntun ti ń yọ kọjá, ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì tó jìnnà jù náà sì ti nà lójú ọ̀nà débi pé ó ti di infrared kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Dígí ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6.5, ègé 18 ni wọ́n tò pọ̀, wọ́n wá fi góòlù pa á lára, kì í ṣe fáàrí o, góòlù mọ infrared dá padà ni. Ibi tó ti le ni pé gbogbo nǹkan tó bá lóoru ló ń tan infrared, títí kan tẹlisíkóòpù fúnra ẹ̀, tó bá gbóná ara ẹ̀ láá máa rí, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń ké létí ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé e jìnnà tó mílíọ̀nù kìlómítà kan àtààbọ̀ sí wa, tí wọ́n na agboòrùn onípele márùn-ún tó fẹ̀ tó pápá tẹ́níìsì fún un, ẹ̀yìn agboòrùn yẹn tutù dé bíi -233°C.

Torí náà tí wọ́n bá fẹ́ ká rí ìmọ́lẹ̀ yẹn, wọ́n á gbé e sókè sí àwọ̀ tójú wa ń gbà, bí orin tó lọ sílẹ̀ ju ohùn ẹni lọ téèyàn wá gbé sókè kó lè kọ ọ́, orin yẹn náà ṣì ni. Infrared tí ìgbì ẹ̀ gùn jù ni wọ́n ń fún ní pupa, èyí tó kúrú jù ní búlúù. Wọ́n tún ń ṣe é lẹ́wà díẹ̀, mi ò ní parọ́. Àmọ́ iṣẹ́ gidi ò sí nínú fọ́tò ẹlẹ́wà, inú kí wọ́n tú ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ló wà. Lọ́dún 2022 Webb ń wo ayé kan tó ń jẹ́ WASP-39b bó ṣe ń kọjá níwájú ìràwọ̀ ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó gba inú afẹ́fẹ́ ẹ̀ dín kù lójú kan, bí aṣọ tí kòkòrò jẹ, ojú ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé carbon dioxide, irú afẹ́fẹ́ tá à ń mí síta, wà lọ́hùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ gan-an ń lo nǹkan bí 700 ọdún kó tó tọ̀hún débí o!

Ẹ má ra ńlá jàre. Èéfín funfun náà lẹ máa rí, á kàn mọ́lẹ̀ sí i ni. Ẹ paná ìta, ẹ jókòó sókùnkùn fún bí ogún ìṣẹ́jú láìwo fóònù, ẹ má sì ṣe é nígbà ọyẹ́, eruku ò ní jẹ́. Ẹ wo Júpítà, òṣùpá ẹ̀ mẹ́rin á yọ bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ wo àgùàlà tí wọ́n ń pè ní ajá òṣùpá, ọmọ á rí i pé òun náà máa ń ku ìlàjì bí òṣùpá. Tó bá ṣáà ń wá àwọ̀, ẹ ra nǹkan tí wọ́n fi ń de fóònù mọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń fojú wo tẹlisíkóòpù, kó máa ya abẹ́ ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú agbo ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Orion lọ́pọ̀ ìgbà, ààpù ọ̀fẹ́ wà tó máa to fọ́tò yẹn léra bíi ti Hubble. Oòrùn nìkan ni kó má kọjú ẹ̀ sí láéláé, ojú á fọ́ kó tó pariwo.