Ohun tí ojú mi ti rí nídìí ṣíṣe setup Windows fún èdè kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ̀wé pé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lórí èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ti gbé iṣẹ́ setup Windows (ètò tó ń fi èdè náà sórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows) lé yín lọ́wọ́, ẹ sì ń béèrè bóyá iṣẹ́ náà ju kí èèyàn di fáìlì pọ̀ sójú kan lọ, àti irinṣẹ́ wo ni kí ẹ mú. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti Ìkòròdú níbí, fún èdè kékeré kan tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Dídi fáìlì pọ̀ ló rọrùn jù nínú rẹ̀. Ohun tó le ni pé orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni ẹ ń lọ, ẹ̀rọ tí ẹ kò rí rí, tí ẹni tó ni ín ti kó ẹrù tirẹ̀ sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó jẹ́ tiyín níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ tirẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe àwọn èèyàn ní jàǹbá. Windows ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní PATH. Orúkọ fódà ló kún inú rẹ̀, bí èèyàn bá sì tẹ àṣẹ sínú fèrèsé dúdú yẹn (Command Prompt), inú àwọn fódà wọ̀nyí ni ẹ̀rọ ti ń wá ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ní ọdún àkọ́kọ́, àṣẹ setx ni mo ń lò: mo gbé ohun tó wà nínú %PATH%, mo lẹ fódà tiwa mọ́ ìdí rẹ̀, mo sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Lórí láptọ́ọ̀pù tèmi, kò sí wàhálà kankan. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé setx kì í kọ ju lẹ́tà 1024 lọ. Ohun tó bá lé, ó ń gé e sọnù, ó sì ń kọ ìkìlọ̀ kan sínú fèrèsé tó ti pa dé kí ojú ẹnikẹ́ni tó bà á. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀tọ̀ ni PATH tó jẹ́ ti gbogbo ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ń lò ó, ṣùgbọ́n %PATH% tí mo gbé ti da méjèèjì pọ̀, ti ẹ̀rọ ló ṣáájú, ti ẹni náà ló wà lẹ́yìn. Nítorí náà, àwọn irinṣẹ́ tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó síbẹ̀ gan-an ni ọ̀bẹ ń bá.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi ní Sábó. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ python, ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó tẹ orúkọ èdè tiwa, ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn náà. Mo ṣí PATH rẹ̀, mo ń kà á lọ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, mo sì bá orúkọ fódà kan tí a gé láàárín: AppData\Loc, ó parí síbẹ̀. Ó ti rò pé fáírọ́ọ̀sì ló wọ ẹ̀rọ òun. Èmi ni mo ní láti sọ fún un pé setup tí mo fi ọwọ́ mi ṣe ni.

Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kí setx kan PATH ẹnikẹ́ni mọ́. Inú Registry, ibi tí Windows ń kọ àwọn ìlànà rẹ̀ sí, ni kí ẹ lọ, ní HKEY_CURRENT_USER\Environment, kí ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ bó ṣe wà gan-an, kí ẹ wò ó bóyá fódà yín ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó fi kún un. Irú REG_EXPAND_SZ ni PATH sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí %USERPROFILE% inú rẹ̀ yí padà sí fódà ẹni tó ń lò ó lábẹ́ C:\Users; bí ẹ bá fi irú REG_SZ dá a padà, kò ní yí mọ́, ẹ̀rọ kò sì ní rí àwọn irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, kí setup kéde WM_SETTINGCHANGE (ìkéde Windows) kí àwọn ètò yòókù lè mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Nínú Inno Setup, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe setup, ìlà kan péré, ChangesEnvironment=yes, ló ń ṣe ìkéde yìí. Fèrèsé dúdú tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ kò ní rí àyípadà náà, ẹ kọ èyí sójú ewé ìkẹyìn setup yín, ìbéèrè tí wọn yóò bi yín yóò dín kù gan-an. Ẹni tó bá sì ń lo NSIS, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mìíràn, kó rántí pé ẹ̀dà rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò kì í gba ọ̀rọ̀ tó ju lẹ́tà 1024 lọ. Ẹ̀dà ọ̀tọ̀ kan wà tó gba 8192.

Èkejì kan àwa Yorùbá tààrà, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọmọbìnrin kan ní Èbúté fi orúkọ rẹ̀, Ọlá, ṣí akáǹtì lórí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀, ó fi àmì sí i dáadáa. Fódà rẹ̀ wá di C:\Users\Ọlá. Setup wa parí láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ní kí èdè náà ṣiṣẹ́, ó ń sọ pé òun kò rí C:\Users\?lá. Ẹ wo àmì ìbéèrè yẹn dáadáa. Code page 1252, àkójọ lẹ́tà kékeré kan, ni Windows ń lò fún àwọn ètò àtijọ́ lórí ẹ̀rọ tó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Á wà nínú rẹ̀, Ọ kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ àti ṣ kò sí. Lẹ́tà tí kò bá sí nínú rẹ̀ ló ń di àmì ìbéèrè, Windows kò sì gba àmì ìbéèrè nínú orúkọ fáìlì tàbí fódà rárá, nítorí náà kò sí bí yóò ṣe rí fódà náà láéláé. Ó dùn mí pé èdè tí ọmọ Yorùbá bá wọn ṣe kò lè ka orúkọ ọmọ Yorùbá.

Ọ̀nà méjì ni a fi yanjú rẹ̀. Láti Windows 10 ẹ̀dà 1903, tó jáde ní 2019, ètò lè kọ activeCodePage sínú manifest rẹ̀ (ìwé kékeré tó ń sọ ohun tí ètò fẹ́ fún Windows) pé UTF-8, tó ní lẹ́tà gbogbo èdè, ni òun fẹ́, ọ̀nà yìí ni èdè R náà gbà nígbà tí R 4.2.0 jáde ní 2022. Fún àwọn Windows tó dàgbà ju ìyẹn lọ, a tún gbogbo ibi tí a ti ń ṣí fáìlì kọ, kó lè máa lo àwọn iṣẹ́ Windows tí orúkọ wọn parí sí W, àwọn tó mọ lẹ́tà wa. Ó gbà wá lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí èdè yín bá ṣì kéré, ẹ ṣe é nísinsìnyí.

Nípa yíyọ èdè náà kúrò, ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún mi láti sọ. Bí Inno Setup bá kó fáìlì sórí ẹ̀rọ, ó ń kọ orúkọ wọn sínú unins000.dat, àwọn yẹn nìkan ló sì ń kó nígbà tó bá ń lọ. Èdè tiwa máa ń dá àwọn fáìlì kéékèèké mìíràn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn kì í sì í kúrò. Ìdọ̀tí náà ń bí mi nínú, ni mo bá kọ ìlà kan pé kó pa gbogbo fódà náà rẹ́. Ìwé ìlànà Inno Setup kìlọ̀ gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti kà á, mo rò pé kò kàn mí. Olùkọ́ kan kò fi èdè náà sí fódà tí a dábàá fún un, D:\Iléèwé ló tẹ̀, níbi tí ó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí. Nígbà tí ó yọ ọ́ kúrò ní ìparí táàmù, gbogbo D:\Iléèwé bá a lọ. A rí díẹ̀ gbà padà, ṣùgbọ́n máàkì kíláàsì méjì kò padà wá, ó sì jókòó tún wọn tẹ̀ láti inú ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ. Mo bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìdọ̀tí díẹ̀ ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá fẹ́ kó o, ẹ dárúkọ irú fáìlì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má sọ pé gbogbo rẹ̀.

Irinṣẹ́ tí ẹ béèrè, n kò rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Inno Setup, tí Jordan Russell bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ni RubyInstaller (setup èdè Ruby) àti R ń lò; WiX, tí Microsoft gbé síta ní 2004, ni Go àti Python ń lò. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta, ẹ mú Inno. Bí ẹ bá mú MSI, irú fáìlì setup tí WiX ń ṣe, ẹ má yí UpgradeCode (àmì tó ń so àwọn ẹ̀dà ètò kan pọ̀) padà láé, kí ẹ sì mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà ẹ̀dà nìkan ni MSI ń fi wé ara wọn. Nọ́ńbà kẹrin ni mo máa ń yí nígbà kan, èdè wa sì ń hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ ètò àwọn èèyàn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò sì gbọdọ̀ ju 255 lọ, nítorí náà ọdún bíi 2025 kò lè wọ ibẹ̀.

Ìbuwọ́lùwé, èyí tó ń fi han Windows ẹni tó ṣe setup, ń ná owó. Láti oṣù kẹfà 2023, inú ohun èlò tó ní ààbò ni kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lùwé gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe fáìlì lásán mọ́. SignPath Foundation ń bá àwọn iṣẹ́ tí kóòdù wọn wà ní gbangba ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kọ̀wé sí wọn. Bí ẹ bá ti ń buwọ́ lù ú, ẹ má gbàgbé timestamp (àmì àkókò tí ẹ buwọ́ lù ú), òun ni kì í jẹ́ kí setup ti èṣí di aláìníláárí lọ́jọ́ tí ìwé ẹ̀rí yín bá parí.

Àdúgbò wa náà kọ́ mi ní nǹkan. Setup tó kéré, tó sì ń lọ wá ìyókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dára fún ẹni tí dátà kì í wọ́n ní ilé rẹ̀. Níbí, ẹnì kan ló ń gbà á, fíláàṣì ló fi ń kó o fún ogún èèyàn. Ẹ di gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì kọ SHA-256 rẹ̀ (àmì ìdánimọ̀ tí a ṣírò láti inú fáìlì) síta kí wọ́n lè fi certutil, irinṣẹ́ inú Windows, yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí fíláàṣì máa ń ba fáìlì jẹ́. Iná lè lọ láàárín iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, nítorí náà ẹni tó bá tún setup tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ rí i pé ó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Àwọn ojú ewé ìrànlọ́wọ́ wa tó pọ̀ bí eṣú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Defender, ètò Windows tó ń wá fáírọ́ọ̀sì, ń yẹ̀ wọ́n wò lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí díìsìkì rẹ̀ ṣì ń yí, àwọn èèyàn sì ń rò pé setup ti dákú. A yọ wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ẹ tó gbé èyí àkọ́kọ́ síta, ẹ fi sórí akáǹtì tí orúkọ rẹ̀ ní Ọ àti àlàfo nínú, ẹ fi ẹ̀dà tuntun lé e lórí, kí ẹ wá yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì fi PATH ìṣáájú wé ti ìkẹyìn ní lẹ́tà sí lẹ́tà. Akáǹtì Ọlá ṣì wà lórí ẹ̀rọ kan nílé mi, Windows 10 ni, ìrántí rẹ̀ kò ju 4GB lọ. Ẹ fi ti yín ránṣẹ́ sí mi nígbà tó bá ṣe tán, màá dán an wò níbẹ̀.