Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ ogun Sípéènì bíi 500 péré ṣẹ́gun àwọn Aztec, ẹ̀yà tó ń jọba ní Mẹ́síkò nígbà náà?
Rárá o, wọn kò dá a ṣe. Òótọ́ ni pé ọmọ ogun tí Hernán Cortés, ọ̀gá ogun Sípéènì, kó dé Mẹ́síkò ní 1519 kò ju bíi 500 lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará Tlaxcala, ọ̀tá Aztec látọjọ́ pípẹ́, fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún jagunjagun kún un. Àwọn gan-an ló pọ̀ jù lójú ogun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Cortés ló gba orúkọ. Ṣọ̀pọ̀ná tún jà ní 1520, ó pa ọba tuntun àwọn Aztec, Cuitláhuac. Cortés àti àwọn ará Tlaxcala wá dó ti Tenochtitlan, olú ìlú Aztec, fún ohun tó lé ní oṣù méjì, títí ìlú náà fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní August 1521. Láti 1535 ni ajẹ́lẹ̀ ọba Sípéènì ti ń ṣàkóso ibẹ̀, títí di 1821.