Sí ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá kí ìyá wọn gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì

Ẹ̀gbọ́n mi ará Ìkọ̀lé, mo rí ìbéèrè yín, ó sì kàn mí lára. Ẹ ní dókítà sọ pé oògùn oníhóró nìkan kò ká ìtọ̀ súgà màmá mọ́, pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Màmá ní àwọn ò gbà, pé ẹni tó bá ti dórí abẹ́rẹ́, ó ti ń lọ nìyẹn. Ẹ tún fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n pa metformin, ọ̀kan nínú oògùn oníhóró náà, tì.

Ohun tí yèyé tèmi náà sọ nìyẹn ní Ìjerò lọ́dún 2016. Oṣù mẹ́rin la fi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n tó gbà, egbò kékeré tí bàtà dá sí wọn lẹ́sẹ̀ ti ba ọmọńdinrín ẹsẹ̀ náà jẹ́, wọ́n sì gé e. Ẹ sọ fún màmá pé súgà tó ga tí a fi sílẹ̀ ló ń pani, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tó ń pèsè ínsúlíìnì, èròjà tó ń mú súgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, fún wa, máa ń rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Oògùn oníhóró bíi Daonil àti irú rẹ̀ ń ti ẹ̀yà náà pé kó ṣiṣẹ́ sí i ni. Bí agbára rẹ̀ bá ti tán, ẹ tì í títí, kò ní dáhùn. Ìgbà yẹn la máa ń fi ínsúlíìnì fúnra rẹ̀ kún un. A kì í gbé e mì, torí pé inú yóò dà á bó ṣe ń da ẹ̀wà àti ẹran.

Bí wọ́n ṣe ń gún un kò le: ikùn tàbí itan, kí wọ́n máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀.

Ohun tó fẹ́ gba yèyé mi lọ́wọ́ wa ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa ò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, èrò pọ̀ lẹ́yìn wa. Ó kọ iye àárọ̀ àti iye alẹ́ sínú ìwé, ó ní ẹni tó kàn. Kò sọ pé irú tí wọ́n fún wa yẹn, Mixtard, bí wọ́n bá ti gún un, oúnjẹ gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, yèyé gún tiwọn ní agogo méje, wọ́n ń dúró de iyán. Àlejò dé, iṣu ò tètè jinná, wọ́n bá sùn lọ. Nígbà tí mo máa wọlé, òógùn ti rin aṣọ wọn gbindin, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Àwa rò pé súgà ló ga. Aládùúgbò kan ní ká fún wọn ní omi ewúro, a sì fún wọn! Nígbà tí a rántí fi ẹ̀rọ tó ń wọn súgà inú ẹ̀jẹ̀ wò ó, 38 mg/dL ló gbé jáde: súgà ti lọ sílẹ̀ jù ni. Ní ilé ìwòsàn tí a sáré gbé wọn lọ, káàdì ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà owó. Lẹ́yìn tí omi súgà tí wọ́n fà sí wọn lára jí wọn, dókítà jágbe mọ́ mi: ta ló ní kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ láìjẹun? Ta ló sọ fún wa pé ó léèwọ̀? Inú ṣì ń bí mi dòní.

Nítorí náà, bí òógùn, ìgbọ̀nrìrì tàbí ìsọkúsọ bá dé, ẹ fi ẹ̀rọ wò ó. Bó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, ẹ po ṣíbí ìrotíì mẹ́rin súgà sómi kí wọ́n mu, ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì jẹun. Bí wọn ò bá mọ nǹkan mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni.

Síríńjì náà ńkọ́? Ọmọ kẹ́míìsì kan fẹ́ ta ti abẹ́rẹ́ ibà fún mi, ó ní ìkan náà ni wọ́n. Irọ́ ni. Ti ínsúlíìnì ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ yúníìtì, ìwọ̀n tí a fi ń wọn ínsúlíìnì, sí lára. Nínú mìlílítà kan, yúníìtì 100 ló wà, àṣìṣe kékeré lè di ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹ má gbé ínsúlíìnì sínú fírísà láé. Ìgò méjì ni mo sọ nù, torí èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́. Inú fìríìjì lásán ni ti èyí tí ẹ ò tíì ṣí. Èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ibẹ̀ bá tutù. Iná tiwa kò ṣeé gbọ́kàn lé, oòrùn oṣù kejì sì mú. Ìkòkò amọ̀ ni mo ń lò: mo gbé kékeré sínú ńlá, mo da yanrìn tútù sáàárín wọn, mo wé ìgò náà sínú ọ̀rá, mo sì fi aṣọ tútù bò ó.

Metformin tí ẹ béèrè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Kí wọ́n má fúnra wọn pa á tì. Ó ń dá ẹ̀dọ̀ lẹ́kun kó má máa tú súgà sínú ẹ̀jẹ̀, dókítà sì sábà máa ń fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ínsúlíìnì bí kíndìnrín bá ṣì dára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kíndìnrín náà wò. Kí wọ́n máa lò ó mọ́ oúnjẹ, torí ó ń da inú rú. Daonil ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù, torí òun àti ínsúlíìnì lè jọ fa súgà wálẹ̀ jù. Bí wọ́n bá kọ méjèèjì fún màmá, ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó dìde lórí àga, kódà bó bá ń kanra.