Èsì: Ohun tí ọmọ kékeré lè fọwọ́ ṣe fún Hanukkah

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ pé kí ni o lè fún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4 ṣe ní jẹ́lé-ó-sinmi tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kí Hanukkah, àjọ̀dún alẹ́ 8 àwọn Júù, lè yé wọn. Mo ti ṣe é rí, ojú mi sì rí màbo.

Ọ̀pá fìtílà ni kó o kọ́kọ́ yanjú. Níbi tiwa, ọ́fíìsì rán "ògbógi" kan sí wa. Ó kó àwòrán dé, ó ní kí àwọn ọmọ kùn ún. Ẹ̀ka 7 ló wà lára rẹ̀! Mo ní, "Màdáàmù, 9 ni ti Hanukkah." Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó dé ìlú àwọn. Ẹlẹ́ka 7 ni ti inú Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù láyé àtijọ́. Ti Hanukkah, 8 dúró fún alẹ́ 8 tí wọ́n ní òróró ọjọ́ kan ṣoṣo fi jó, nígbà tí àwọn Mákábì, àwọn jagunjagun Júù, gba Tẹ́ńpìlì padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ọba Antiochus. Ìkẹsàn-án, shamash, ni wọ́n fi ń tan ìyókù. A ti lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tí bàbá ọmọ kan wọlé. Ó kà á, ó tún un kà. Ta ló dá a lóhùn? Èmi náà ni. Ògbógi ti lọ sílé rẹ̀.

Páálí tó máa ń wà láàárín tíṣù ni kó o fi ṣe ọ̀pá fìtílà náà, kí ti shamash ga ju ìyókù lọ. Bébà aláwọ̀ ọsàn ni iná. Láti ọ̀tún ni wọ́n ti ń tò ó lọ sí òsì, ṣùgbọ́n èyí tuntun tí wọ́n fi kún un lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tàn. Má dán abẹ́là gidi wò, fọ́ọ̀mù tí wọ́n á ní kó o kọ nìkan á ti tán ẹ lókun.

Dreidel tí wọ́n fi ń ṣeré ní Hanukkah, òkòtó ni, àmọ́ ó ní ojú 4, lẹ́tà Hébérù sì wà lójú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kó nǹkan kéékèèké sí àárín, lẹ́tà tó bá hàn ló ń sọ ohun tí wàá ṣe. Gimel, kó gbogbo rẹ̀. Hey, mú ìdajì. Nun, má mú nǹkan kan. Shin, fi ọ̀kan lára tìẹ kún ti àárín. Ọmọ ọdún 3 ò mọ ìdajì, jẹ́ kó máa yí i ṣeré.

Ẹ̀pà ò gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí ẹ máa kó sí àárín yẹn o, torí àwọn ọmọ tí ara wọn kò gba ẹ̀pà! Ẹ má sì fi marshmallow, súwíìtì rírọ̀ yẹn, ṣe abẹ́là bí wọ́n ti ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ara ẹlẹ́dẹ̀, tó jẹ́ èèwọ̀ nínú òfin oúnjẹ àwọn Júù, ni wọ́n ti sábà máa ń rí gelatin tó ń mú un dì. Àkàrà pòtétò tí wọ́n ń pè ní latkes náà ńkọ́? Bi ìyá ọmọ kó o tó gbé epo kaná. Ilé tó ń pa òfin kosher, òfin oúnjẹ yẹn, mọ́ kì í jẹun inú ìkòkò tó ti se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rí, ì báà jẹ́ pòtétò lásán lo dín nínú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni kó o sá fún jù. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ń wọ̀ kí aago 4 tó lù, Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, ti wọlé nìyẹn. Aago 4 Jímọ̀ gan-an ni ọ́fíìsì gbé pátí tiwa sí. Àwọn ìdílé Júù ò lè wá, àwa òṣìṣẹ́ la jẹ dónọ́ọ̀tì pátí ọ̀hún.