Ṣé egbò orin àtà ń wo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde?

Kò wò ó. Kò sí egbò tó lè sọ ẹ̀jẹ̀ SS (ti ẹni tó ní àrùn yìí) di AA (ti ẹni tí kò ní in), ohun yòówù kí ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Lọ́dún 1971, àwọn olùwádìí méjì, Sofowora àti Isaacs, tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi egbò rẹ̀ ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí èyí. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lára aláìsàn lẹ́yìn náà kò pọ̀ tó ohun tí a lè gbára lé.

Ẹ má tìtorí egbò yìí pa folic acid tàbí hydroxyurea, oògùn tí dókítà ń kọ fún àrùn náà, tì. Ẹ yẹra pátápátá fún egbò tí wọ́n rẹ sínú ògógóró: ọtí ń fa omi ara gbẹ, àìtó omi lára sì ń fa ìrora eegun gan-an. Àgbo tó ń mú kí èèyàn máa yàgbẹ́ gbuuru náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Igi orin àtà (Zanthoxylum zanthoxyloides) jẹ́ ẹlẹ́gùn-ún, mọ̀lẹ́bí ọsàn. Ewé rẹ̀ ń ta sánsán bíi ti ọsàn bí ẹ bá fi ọwọ́ rún un. Egbò gidi máa ń ta, á sì mú kí ahọ́n kú tipiri. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fura. Bó bá rú yín lójú, ẹ mú ẹ̀ka tó ní ewé lọ sí ilé ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá wú gbogbo egbò ti pa igi nìyẹn; ẹ gé ti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ bo ilẹ̀ padà.