ÌBÉÈRÈ YÍN: Ṣé ẹranko mìíràn lè gbọ́n débi tí yóò fi dá ìlú sílẹ̀?

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ní àwọn ọ̀bọ tó ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò ní Lẹ́kkí ṣì máa di ènìyàn, pé àsìkò ni wọn ò tíì ní tó. Èmi ní irọ́ ni. Ta ló jàre nínú wa?
Bàbá Fẹ́mi, Èbúté Mẹ́ta

Ẹ ṣeun, Bàbá Fẹ́mi. Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ọmọ yín náà di nǹkan kan mú. Ọ̀bọ kò sí lójú ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ ènìyàn. Àwa àti ìnàkí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee ní baba ńlá kan náà tó gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 sí 7 ọdún sẹ́yìn. Ìbátan àwa àti ọ̀bọ Lẹ́kkí tún jìnnà ju ìyẹn lọ. Láti ìgbà náà ni ìran kọ̀ọ̀kan ti ń bá tirẹ̀ lọ. Àsìkò tí ọmọ yín ní wọn ò tíì ní, wọ́n ti ní in. Wọ́n fi di ọ̀bọ tó mọ igi gùn, tó mọ èso tó pọ́n, tó sì mọ àpò àlejò tí bísíkíìtì wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọmọ yín ti di nǹkan mú ni pé kò sí ohunkóhun nínú ara ẹranko tó sọ pé irú làákàyè wa kò lè wáyé nínú ìran mìíràn. Ó ṣáà wáyé nínú tiwa. Ìṣòro rẹ̀ ni iye tó ń náni. Ọpọlọ ènìyàn wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.4. Ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún ara wa ni, ó sì ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ ń fún wa. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í pa ni, tọ̀sán-tòru, kódà bí a bá sùn. Ẹranko tí wọ́n bí pẹ̀lú ọpọlọ tó fi díẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n náà wá oúnjẹ tó pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, lọ́dún yìí, kì í ṣe lẹ́yìn mílíọ̀nù ọdún. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ọ̀dá bá dé, òun ni ebi máa kọ́kọ́ pa, ọmọ rẹ̀ kò sì ní pọ̀. Àyípadà ìran-dé-ìran kì í wo iwájú.

Onímọ̀ ọmọ Brazil kan, Suzana Herculano-Houzel, àti ẹnìkejì rẹ̀ ṣe ìṣirò kan lọ́dún 2012: bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ tútù nìkan ni ènìyàn ń jẹ bí ìnàkí, yóò ju wákàtí 9 lọ lójúmọ́ tí a ó fi máa jẹun kí ọpọlọ wa tó yó. Iná ló gbà wá. Nínú ihò Wonderwerk ní South Africa, wọ́n rí eérú àti egungun tó jóná tó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan.

Ṣùgbọ́n ká gbà pé ìran kan ti rí oúnjẹ ọpọlọ náà. Kò tíì tó. Ẹ wo àwọn ìnàkí Bossou ní orílẹ̀-èdè Guinea, ekùrọ́ ni wọ́n ń pa bí àwọn ìyá wa ṣe ń pa á. Wọ́n á gbé ekùrọ́ kan lé òkúta pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi òkúta tí wọ́n dì mú lù ú. Bí òkúta ìsàlẹ̀ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ekùrọ́ ń yí bọ́, àwọn kan nínú wọn a máa fi òkúta kẹta há a nísàlẹ̀ títí yóò fi dúró dọ́gba. Láàárín ọdún 3 sí 5 ni ọmọ wọn ń mọ̀ ọ́n pa. Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ ìyá ni yóò jókòó sí, yóò máa wò, yóò máa jí ekùrọ́ ìyá jẹ, yóò máa fi òkúta lu òkúta láìsí ekùrọ́ láàárín. Ìyá kò ní dí i lọ́wọ́, kò sì ní tọ́ ọ sọ́nà. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n títí tó fi pé ọdún 7, ó ṣòro kó tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní igbó Taï ní Côte d'Ivoire, àwọn onímọ̀ wú òkúta tí ìnàkí fi pa èso jáde nílẹ̀, ó ti tó ọdún 4,300. Òkúta yẹn àti èyí tí wọ́n ń lò lónìí, ọ̀kan náà ni iṣẹ́ wọn. Láàárín àkókò kan náà, ọmọ ènìyàn ti yọ́ irin, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé òṣùpá. Ohun tí ọlọ́gbọ́n kan mọ̀ láàárín wa kì í bá a wọ sàréè, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ìmọ̀ tó ń gorí ìmọ̀ yìí ni ọ̀làjú, òun gan-an ni ẹranko kankan kò tíì ní lọ́nà tó ń pọ̀ sí i. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹranko tó lè dá ìlú sílẹ̀, ẹ má wọn orí rẹ̀, ẹ wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jogún.

Odídẹrẹ́ kan wà ládùúgbò wa tó ń kí èèyàn, tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ ilé. Bó bá lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló kù kó tó gbọ́n bíi tiwa?
Ìyá Ìbejì, Ìdúmọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Púpọ̀ nínú ohun tí odídẹrẹ́ ń sọ nílé, àfarawé ni, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1977, onímọ̀ kan, Irene Pepperberg, ra odídẹrẹ́ kan ní Chicago, ó sọ ọ́ ní Alex, ó sì bá a ṣiṣẹ́ títí ẹyẹ náà fi kú lọ́dún 2007. Alex mọ orúkọ nǹkan bí ohun 50, àwọ̀ 7, ó sì ń ka iye títí dé 6. Bí ẹ bá kó ohun bíi mélòó kan síwájú rẹ̀, tí ẹ bi í pé mélòó ló pọ́n níbẹ̀, á dáhùn.

Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ ọ nìyí, ẹni tí odídẹrẹ́ ti wà nílé rẹ̀ lè dán an wò. Ènìyàn méjì ló ń gbà. Ẹnìkan á gbé kọ́kọ́rọ́ sókè, á bi ẹnìkejì pé, "Kí nìyí?" Ẹnìkejì á pe orúkọ rẹ̀, á sì gba kọ́kọ́rọ́ náà, á fi ṣeré. Bó bá ṣì í pè, wọn kò ní fún un, wọ́n á gbé e pamọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Ẹyẹ ń wo gbogbo rẹ̀, ojú á máa wọ̀ ọ́, òun náà á fẹ́ gbà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni ẹ̀bùn: ohun tí ẹyẹ dárúkọ náà gan-an ni kẹ́ ẹ fún un. Bó bá pe kọ́kọ́rọ́, tí ẹ fún un ní ẹ̀pà, ohun tó máa kọ́ ni pé ariwo yẹn ló ń mú ẹ̀pà wá.

Síbẹ̀, nígbà tí Alex kú, ohun tó mọ̀ bá a lọ. Kò sí odídẹrẹ́ inú igbó kan tó jogún rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí lọ ra odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó. Wọ́n ti ń parun, láti ọdún 2017 sì ni òfin àgbáyé ti ka òwò wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀.

Ọpọlọ erin tóbi ju tiwa lọ. Kí ló dé tí kì í ṣe erin ló ń darí ayé? Àwọn dolphin àti octopus inú òkun ńkọ́?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Akọka

Òótọ́ ni, ọpọlọ erin ilẹ̀ Áfíríkà ń lọ sí kìlógíráàmù 5, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 257, tiwa jẹ́ 86. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n wà. Nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ erin, nǹkan bíi 98 ló wà ní ọpọlọ kékeré ẹ̀yìn orí, èyí tó ń darí bí ara ṣe ń lọ bọ̀. Ìpele òkè ọpọlọ tí a fi ń ronú, bílíọ̀nù 5.6 péré ló wà níbẹ̀. Tiwa jẹ́ bílíọ̀nù 16.

Dolphin gbọ́n, ó sì ń gbé lẹ́gbẹ́ lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ́wọ́, inú omi ló sì wà. Iná kì í jó nínú omi. Bàbà gan-an kì í yọ́ àfi kí iná dé ìwọ̀n 1,085 lórí Celsius. Láìsí iná kò sí ìkòkò amọ̀, kò sí irin.

Ti octopus ló ń ká wa lára jù. Apá 8 ni wọ́n ní, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wọn tó mílíọ̀nù 500, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì wà nínú apá náà. Wọ́n ń ṣí ìdérí ìgò. Ṣùgbọ́n ọdún kan sí méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò láyé. Ìyá á ṣọ́ ẹyin rẹ̀ láìjẹun, á sì kú ní déédéé ìgbà tí wọ́n bá ń pa. Ọmọ kò ní rí ìyá tí yóò wò ṣe nǹkan láé.

Mo ń sin ẹja guppy nínú gíláàsì. Tí mo bá ń ṣa àwọn tó gbọ́n láti bí ọmọ, ṣé ìran wọn á máa gbọ́n sí i?
Ọ̀dọ́ ọlọ́ja, Yaba

Wọ́n ti ṣe é, ẹja guppy yìí gan-an ni wọ́n sì lò, ní Sweden, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Ènìyàn kò lè wọn ọpọlọ ẹja tó wà láàyè, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n bímọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn ọpọlọ àwọn òbí. Ọmọ àwọn tí ọpọlọ wọn tóbi ju bí ara wọn ṣe tó lọ ni wọ́n mú lọ síwájú. Wọ́n tún ń sin ọ̀wọ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣà fún ọpọlọ kékeré. Lẹ́yìn ìran méjì péré, ìyàtọ̀ àárín wọn ti tó ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn abo tí ọpọlọ wọn tóbi sì mọ iye yà sọ́tọ̀ dáadáa ju àwọn yòókù lọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ìfun wọn kéré sí i, ọmọ tí wọ́n ń bí sì dín kù. Gbèsè tí a sọ fún Bàbá Fẹ́mi lókè nìyẹn, ojú ayé ni wọ́n ti rí i.

Bí o bá fẹ́ ṣe tìrẹ nílé, ṣọ́ra fún àṣìṣe kan: ẹja tó kọ́kọ́ sáré wá síbi ọwọ́ rẹ kì í ṣe ọlọ́gbọ́n, ó lè jẹ́ pé ó láyà tàbí ebi ń pa á ni. Láyà lo máa ṣà, láyà lo máa rí. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Novosibirsk ní Russia, níbi tí onímọ̀ kan, Dmitry Belyaev, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ́dún 1959. Àwọn tí kò bẹ̀rù ènìyàn ló ń mú. Láàárín ìran díẹ̀, wọ́n ti ń ju ìrù bí ajá. Ohun tó ṣà ló gbà. Fún ìnàkí, ìran kan ń tó nǹkan bí ọdún 25, nítorí náà ìran 10 jẹ́ ọdún 250. Ta ni yóò dúró ṣà á?

Ikán ní ọba, wọ́n ní ọmọ ogun, wọ́n ní oko, wọ́n kọ́ ilé tó ga ju ènìyàn lọ. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ọ̀làjú?
Àlhájì kan, Ìsàlẹ̀ Èkó

Àlhájì, oko wọn pẹ́ ju tiwa lọ fíìfíì: nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 ọdún. Wọ́n ń rún igi àti koríko, wọ́n ń tò ó jọ sínú ọ̀gán, olú ń hù lórí rẹ̀, òun ni wọ́n ń jẹ. Olú tó ń yọ lára ọ̀gán lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí àwọn ìyá wa ń fi se ọbẹ̀, láti inú oko yẹn ló ti wá. Ṣùgbọ́n ikán tí wọ́n bí lónìí kò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ ló bí i mọ́. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, àfi kí ara wọn yí padà, ó sì lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àgbẹ̀ wa á pààrọ̀ irúgbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ọmọ ènìyàn bá tán láyé, ta ló máa rọ́pò wa?
Màmá Àgbà, Súrùlérè

Màmá, ẹ kú àdúrà. Kò sẹ́ni tó tò sí ìlà. Ìyẹ́ apá àti fífò wáyé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: lára kòkòrò, lára ẹran afàyàfà àtijọ́ kan, lára ẹyẹ, lára àdán. Irú làákàyè wa, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọ̀bọ ti wà ní South America fún ohun tó ju mílíọ̀nù 30 ọdún lọ, láìsí ènìyàn tó dí wọn lọ́nà títí di àìpẹ́ yìí. Ibi tí wọ́n dé jù ni ti àwọn capuchin Brazil, tó ń fi òkúta pa èso. Australia àti Madagascar náà wà lọ́tọ̀, irú làákàyè bẹ́ẹ̀ kò hù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dájú rárá, bí ọdún ì báà tó mílíọ̀nù 100.

Àwa gan-an, egungun tí wọ́n rí ní Jebel Irhoud ní Morocco fi hàn pé ìran wa ti tó ọdún 300,000. Oko dídá kò tíì ju nǹkan bí 12,000 lọ. Ẹ wo àwọn tó wà kí oko tó dé: ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti wú egungun ènìyàn jáde lọ́dún 1965, òkúta kéékèèké tí wọ́n ń fọ́ ṣe ohun èlò ni wọ́n bá níbẹ̀.

Àwọn tó sún mọ́ wa jù sì ń rẹ̀yìn ni. Ìnàkí ṣì kù díẹ̀ ní igbó Ìṣẹ̀ ní Èkìtì àti ní igbó Gashaka-Gumti ní Taraba àti Adamawa. Ìyá kan ń bí ọmọ kan ní nǹkan bí ọdún 5 sí 6, ọlọ́dẹ tó bá yìnbọn pa á ti pa olùkọ́ ọmọ náà mọ́ ọn. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 wo ẹgbẹ́ ìnàkí 144 káàkiri Áfíríkà. Níbi tí a bá ti gé igbó, tí a sì la ọ̀nà, iye ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ń dín kù.