Ìlù Bonham: ti inú àwo ni àbí ti orí ìtàgé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Orin "Moby Dick" ti Led Zeppelin, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo ní, lórí àwo wọn ti ọdún 1969, kò ju bí ìṣẹ́jú 4 lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní ti òun lé ní ìṣẹ́jú 19. Ṣé orin kan náà ni?
Òǹkàwé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Òun náà ni, àbúrò. Gìtá Jimmy Page ló ń ṣí i, òun náà ló ń pa á dé. Láàárín, John Bonham nìkan ló kù sídìí ìlù. Nínú àwo tìrẹ, wọ́n ti gé ìlù ọ̀hún kúrú. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kára ẹni tó gbóná, ó ti tán.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ wá láti inú àwo "How the West Was Won", tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ìtàgé ní California lọ́dún 1972, tó jáde ní 2003. Ibẹ̀ ni Bonham ti ráyè. Ó ju ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó ń fọwọ́ lásán lù ú bí alákùbà, ó rọra ń fà á lọ, àwọn èrò ń pariwo. (Ìyàwó mi kì í dúró gbọ́ ọ tán.) Èmi fara mọ́ ti orí ìtàgé.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá fídíò eré wọn ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall, London, ti oṣù kìíní ọdún 1970, kí o lè rí ọwọ́ rẹ̀. Jọ̀wọ́, má fi fóònù lásán gbọ́ ọ. Ìlù ńlá tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ò ní dún síta.